Lẹ́tà Tí Ó Padà Wá

Lẹ́tà náà padà wá lọ́jọ́ Ajé
nínú àpòòwé tí mo fọwọ́ ara mi lẹ̀.
Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo lù ú lóǹtẹ̀,
ní ọ́fíìsì wa ní Maseru,
pé kí àwọn olùkọ́ orí òkè ṣe sùúrù díẹ̀ sí i,
pé owó oṣù mẹ́ta ń bọ̀ láìpẹ́.
Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀:
bí ẹṣin amúkùn-ún ni owó ìjọba ṣe ń gun òkè.

Tàdáwà pupa ni mo kọ́kọ́ rí.
Ó fa òbìrí yí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ká.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ “láìpẹ́”, ó fi àmì ìbéèrè sí i.
Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ òǹtẹ̀ ìjọba, ó kọ ọ́ pé:
“Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Tún un kọ, Motlalepula.”

Mo mọ ọwọ́ yẹn.
Ọwọ́ yẹn ló di ọwọ́ mi mú lóru
nígbà tí mi ò tíì mọ̀ pé ọwọ́ wúlò fún ohunkóhun
ju ọ̀pá àti òkò lọ.

Darandaran ni mí nígbà náà, ọmọ ọdún mọ́kànlá:
aṣọ ìbora kan, ajá méjì, àgùntàn mọ́kànlélógójì.
Mi ò mọ̀ pé mọ́kànlélógójì ni wọ́n.
Ojú ni mo fi dá wọn mọ̀:
Elétí-yíya, Olójú-kan, Ìyá-ìbejì, Alárìnkiri.
Bí ọ̀kan bá sọnù, àyà mi ló ń já,
orí mi kò mọ nǹkan kan.

Tíṣà Nthatuoa ló gun òkè wá bá wa lálẹ́
lẹ́yìn tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ ọ̀sán tán.
Yìnyín ti bo ọ̀nà. Ẹṣin tí ó yá lọ́wọ́ àlùfáà ń mí bí ìkòkò tó ń hó.
Ó gbé àbẹ́là mẹ́rin kalẹ̀, owó ara rẹ̀ ló fi rà wọ́n.
Ó ní, “Ẹ kó òkúta wá. Àgùntàn kan, òkúta kan.”

A kó o jọ sẹ́nu ọ̀nà ahéré.
Nígbà tí ó pe iye wọn fún mi,
ó dà bí ẹni pé ó fún mi ní agbo ẹran mìíràn
tí akátá kò lè pa jẹ, tí olè kò lè dà lọ lóru.

Kì í ṣe gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n.
Lebusa sùn lórí ìwé títí ó fi hu irùngbọ̀n.
Sekhobe lọ wa góòlù nílẹ̀ onílẹ̀;
lẹ́tà mẹ́ta ló kọ sílé kí ilẹ̀ tó ya lù ú.
Ìyá rẹ̀ kó wọn wá kí Tíṣà bá a kà.
Ó kà wọ́n.
Kò tọ́ àṣìṣe kankan nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú kì í tán ní ọ́fíìsì wa.
Kọnkéré ni wọ́n fi ń ṣe é: ìsédò, afárá, ọ̀nà ọlọ́dà.
Èmi ń gbọ́, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Ta ló kọ́ ẹni tí ó wọn ìsédò ní ìwọ̀n?
Ta ló jókòó ti nọ́ọ̀sì kí ó tó lè ka ara ìgò oògùn?
Ta ló kọ́ àwa gan-an láti ka owó tí a kò san?

Mo gbìyànjú láti ṣírò rẹ̀:
àbẹ́là mẹ́rin, ọgọ́rin òru lọ́dún, ọdún mọ́kàndínlógún.
Mi ò rí ojú ìwé tí mo lè kọ gbèsè náà sí.

Mo tún lẹ́tà náà kọ.
Mo yọ “sùúrù”. Mo yọ “láìpẹ́”.
Mo kọ iye owó, mo kọ ọjọ́,
mo gbé e wọ yàrá ọ̀gá mi, mi ò jókòó.
Ó ní, “Ta ló ní kí o kọ ọ́ báyìí?”
Mo na ìwé tó pọ́n náà sí i.

Ó pẹ́ kó tó bọ́ awò ojú rẹ̀.
“Èmi,” ó ní, “mẹ́ta ló máa ń fún mi.”

Bírò rẹ̀ wà lórí tábìlì.
Àwa méjèèjì ń wò ó.